Nígbà Tí Kọ̀ǹgọ́ Kan Di Mẹ́jọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá onílù kan tí mo ń bá tọ́jú ìkànnì wọn ya fọ́tò ojú fóònù wọn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi. Gángan ni mo yà sí iwájú ìkànnì náà ní férémù mẹ́jọ, ìyẹn àwòrán mẹ́jọ tó ń tẹ̀lé ara wọn, kí kọ̀ǹgọ́ lè máa gòkè kó sì máa balẹ̀ lójú awọ. Nínú fọ́tò wọn, kọ̀ǹgọ́ mẹ́jọ ló tẹ́ rẹrẹ bí ìrù ọ̀kín, funfun kan tó tín-ín-rín bí òwú sì yí etí ìlù ká. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, kì í ṣe bí a ṣe ń lu gángan nìyí o."

Ó dùn mí, nítorí pé mo ti wò ó léraléra kí n tó gbé e jáde. Àmọ́ inú ètò tí mo fi yà á ni mo ti wò ó, lórí abẹ́lẹ̀ funfun, n kò sì ṣí i nínú bráúsà lórí àwọ̀ aró tí bàbá yàn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ló máa ń di ẹ̀bi ru fóònù tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Inú fáìlì gan-an ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. GIF ni irú fáìlì tí mo lò, èyí tó lè kó férémù púpọ̀ sínú àwòrán kan; ilé-iṣẹ́ CompuServe ló gbé e jáde ní 1987. Ẹ̀dà ti 1989 ló fún férémù kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀: àkókò tí yóò fi dúró, àwọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ hàn, àti ohun tí bráúsà yóò ṣe sí i kí èyí tó tẹ̀lé e tó dé. Àṣẹ ìkẹyìn yìí ni wọ́n ń pè ní disposal. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ 1, férémù àtijọ́ á dúró síbẹ̀, tuntun á gun orí rẹ̀, ibikíbi tí tuntun kò bá sì ti ní àwọ̀ ni àtijọ́ á ti máa yọjú.

1 ni tèmi wà. Mo yí i sí 2, èyí tó ní kí bráúsà nu férémù kúrò, ni ìlù bá pòórá, ó wá ku kọ̀ǹgọ́ nìkan lófuurufú. Kí fáìlì lè fúyẹ́, ètò náà ti fi ìlù sínú férémù àkọ́kọ́ nìkan, kìkì kọ̀ǹgọ́ ló sì wà nínú méje tó kù. Mo ní láti ya méjèèjì pọ̀ sínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Fáìlì wúwo sí i, ṣùgbọ́n àwòrán náà tọ́.

Ní ti funfun etí ìlù, GIF kò mọ àárín méjì: yálà kí píkísẹ̀lì, ìyẹn ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ní àwọ̀ pátápátá, tàbí kó má ní rárá. Kí etí ìlù lè dán ni ètò náà ṣe po àwọ̀ igi mọ́ funfun abẹ́lẹ̀, funfun yẹn sì bá a dé orí aró. A lè fi aró rọ́pò funfun kí a tó gbé e jáde, àmọ́ ọjọ́ tí bàbá bá yí àwọ̀ ojú-ewé padà, wàhálà tún dé. Nítorí náà ni mo ṣe lo APNG, irú fáìlì àwòrán mìíràn tó lè mira, tí bráúsà Firefox ti ń ṣí láti 2008, tí Chrome sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní 2017. Níbẹ̀, píkísẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ kí abẹ́lẹ̀ hàn díẹ̀ tàbí púpọ̀.

Fún àwọn tí òòyì máa ń kọ́ bí nǹkan bá ń mira lójú wọn, mo fi àṣẹ prefers-reduced-motion sí i, èyí tó ń wò ó bóyá ẹni náà ti ṣètò fóònù rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ohun tó ń mira, kí wọ́n lè rí gángan tó dúró jẹ́ẹ́, pẹ̀lú kọ̀ǹgọ́ kan ṣoṣo lójú awọ.