Tacoma lọ, Hilux dé

Mo ti fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Toyota kan pààrọ̀ òmíràn o, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́. Tacoma pupa tí ẹ mọ̀ mọ́ mi ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Hilux ni mo gbé lọ sọ́jà ẹja Olúwo láàárọ̀ òní.

Bí mo ṣe páàkì báyìí ni Ìyá Ẹlẹ́ja ké sí mi: "Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire! Àmọ́ pupa yẹn mà rẹwà jù ú lọ o." Òótọ́ ni. Ṣé ẹwà ló ń gbé àpò? Ti ará Amẹ́ríkà ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe Tacoma: ẹ́ńjìnnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) lítà 4.0 ló wà nínú tèmi, bẹntiróò ló ń mu, ẹrù tó lè gbé kò sì ju bíi 600 kílò lọ. Èmi, oúnjẹ ẹja ni mò ń kó. Dísẹ́lì ni Hilux yìí ń lò, ó sì ń gbé bíi tọ́ọ̀nù kan.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá ṣófo, háà! Sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ẹrù kò mọ èèyàn. Kí n tó dé Ìtóìkin, ìdí ti ń ro mí. Ìgbà tí a di àpò kún un ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Ìyàwó mi ní òun ò ní wọ̀ ọ́, àfi tí ẹrù bá wà lẹ́yìn.