Iṣẹ́ NHS: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ́ ló ń pẹ́ jù

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba Ìlú Ọba ló ń rò pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni ibi tó le jù. Ìyẹn kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń gba oṣù.

Lórí NHS Jobs tàbí Trac, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù iṣẹ́, àyè tí wọ́n ń pè ní supporting information, níbi tí ẹ ti ń ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ náà fi yẹ yín, ni wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀. Ẹ mú ìwé person specification, èyí tó to ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà, kí ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rí dáhùn gbogbo ohun tó wà lábẹ́ essential (ohun tó pọn dandan), lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ni wọ́n fi ń fúnni ní máàkì.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló sábà ń jókòó. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó wá, wọ́n á sì máa kọ máàkì bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ kò bá fẹnu sọ kò ní máàkì, kódà kó wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ̀kọ́ ilé máa ń dí wa lọ́wọ́ níbí: a kì í fẹ́ yin ara wa, “a ṣe é” ṣáá ni. Ta ni “a”? Ẹ sọ ọ́ gbangba pé, “Èmi ni mo pe dókítà, èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ojúṣe yín kò gbọ́dọ̀ gùn; ohun tí ẹ ṣe ni kí ẹ fẹ̀ lójú, kí ẹ tó sọ ibi tó já sí.

Tí wọ́n bá mú yín, conditional offer, ìyẹn lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó ṣì ní àyẹ̀wò nídìí, ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ wà o! Àyẹ̀wò ṣì kù: ìdánimọ̀, ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, ìwé ẹ̀rí, ìtàn iṣẹ́, DBS (àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn) àti ìlera.

Ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àtijọ́ ló ń fa ìdádúró jù. Ọdún 3 ni wọ́n fẹ́ kó kárí, ímeèlì ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì ń béèrè, nígbà tó jẹ́ pé Yahoo ni mátírọ́ọ̀nù yín ní Ìbàdàn ń lò. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí wọn kò bá ní ímeèlì ibi iṣẹ́, ẹ tètè bi HR (ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́) bóyá wọ́n á gba lẹ́tà tó ní àmì ilé ìwòsàn àti òǹtẹ̀.

DBS ń béèrè gbogbo àdírẹ́sì ọdún 5, oṣù kan kò gbọ́dọ̀ sọnù láàárín. Kì í wo àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè nílò ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá láti ilé. Ẹ wo orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù àti ti sátífíkéètì. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra kún un. Ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B pẹ̀lú, fún àyẹ̀wò ìlera. Share code, ìyẹn kóòdù tí ẹ fi ń fi ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ hàn, kì í ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ, ẹ má tètè gbà á jù.

Ìgbà tí lẹ́tà unconditional, èyí tí kò ní àyẹ̀wò kankan nídìí mọ́, bá dé, tó sì dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni kí ẹ tó kọ̀wé sí ọ̀gá yín.