Agolo rìsíìtì Ìyá àgbà

Mo lọ kí Ìyá àgbà ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti ń ro ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti ìgbà náà, nínú bọ́ọ̀sì, nídìí iṣẹ́, kódà tí mo bá ń fọ abọ́. Kì í ṣe pé ara Ìyá ò yá o. Ara wọn le fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ṣì máa ń jókòó tì wá tí a bá ń gúnyán kí wọ́n lè sọ pé kókó ti kún inú ẹ̀, pé ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ọmọ odó dì mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ní kí n bá wọn fa agolo kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, agolo bísíkíìtì àtijọ́ tó ti dógùn-ún, mo ṣí i, mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ni tàbí owó àtijọ́, àṣé rìsíìtì ló kún ibẹ̀. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀ṣì. Owó ìkórè, owó ẹgbẹ́ ìyá, owó páànù, owó aago, owó tí wọ́n fi tún ilé àlùfáà ṣe, àwọn káàdì tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ tí yíǹkì ti ń parẹ́ lára wọn.

Ìyá wò mí, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ìwọ tó o kàwé, bá mi kà á. Ṣé ó tó?"

Mo ní, "Tó kí ni, Ìyá?"

"Kí Ọlọ́run fi gbà mí wọlé."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá. Ìyá tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ìyá kí wọ́n tó bí màmá mi gan-an, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dá Éfésù orí kejì ẹsẹ̀ ìkẹjọ sílẹ̀ láàárín òru wọ́n á bá yín parí ẹ̀ lójú oorun, "Nítorí oore-ọ̀fẹ́ ni a ti fi gbà yín là nípa ìgbàgbọ́", àwọn náà ló ń ka rìsíìtì yìí. Ẹ má rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi náà ní agolo tèmi, ó kàn jẹ́ pé tèmi ò sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Ààwẹ̀ tí mo gbà, ìṣọ́ òru tí mo lọ, lọ́dún tó kọjá mo jókòó síbi prógíráàmù ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n pè ní fífọ́ májẹ̀mú ìdílé, ilé àdúrà wo ni, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, wọ́n pín ẹnfílọ́ọ̀pù lójoojúmọ́, mo sì kún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí ẹ̀rù bà mí.

Ẹ̀rù yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ májẹ̀mú fúnra ẹ̀ ló ń dẹ́rù bà wá, torí ohun tí etí wa ń gbọ́ ni ìmùlẹ̀. Ẹni méjì á pa obì, wọ́n á bomi sílẹ̀, wọ́n á jọ mu ún, ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ wà lọ́rùn tọ̀tún tòsì. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fọkàn tán ara wọn nìyẹn kí ìwé tó dé. Àmọ́ nígbà tí Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀ Bíbélì, tí odindi ẹ̀ jáde ní 1884, tí wọ́n sì kọ "májẹ̀mú" síbẹ̀, àwa kà á pẹ̀lú ojú ìmùlẹ̀. Nígbà tí wòlíì Joseph Babalọlá dé Ẹ̀fọ̀n ní 1930 tí ìsọjí gba gbogbo ilẹ̀ Èkìtì kan, àwọn èèyàn kó oògùn àti òrìṣà jáde wọ́n sun ún. Oògùn jóná lóòótọ́. Kò dá mi lójú pé ìbẹ̀rù inú ẹ̀ bá a jóná, ó dà bíi pé ó kàn wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó sì bá wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹ wá wo Jẹ́nẹ́sísì orí kẹẹ̀ẹ́dógún. Mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn láti Sọ́ńdè Sùkúù, àmọ́ ojú mi ò là sí i. Ábúráhámù bi Ọlọ́run pé kí lòun máa fi mọ̀ pé òun á jogún ilẹ̀ yìí, Ọlọ́run ní kó mú ẹgbọrọ màlúù ọlọ́dún mẹ́ta wá, ewúrẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, àgbò ọlọ́dún mẹ́ta, àdàbà kan àti ọmọ ẹyẹlé kan. Ó la àwọn ẹran sí méjì, kò la àwọn ẹyẹ, ó tò wọ́n kọjú síra. Àwọn ará ìgbà yẹn mọ ohun tó kàn. Àwọn tó ń dá májẹ̀mú á rìn gba àárín ẹran tí wọ́n là kọjá, bí ẹni pé kí wọ́n ṣe èmi náà báyìí tí mo bá yẹ̀ ẹ́. Jeremáyà orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n sọ ọ́ gbangba, Ọlọ́run ń bá àwọn ìjòyè Júdà wí pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba àárín ọmọ màlúù kọjá tẹ́ ẹ sì yẹ májẹ̀mú, màá ṣe yín bí ọmọ màlúù yẹn. Kódà èdè Hébérù kì í sábà sọ pé "dá" májẹ̀mú, "gé" ni wọ́n sábà ń sọ.

Ìmùlẹ̀ náà nìyẹn, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ábúráhámù lé àwọn ẹyẹ igún títí, ó ń dúró kí wọ́n pè é pé ó yá kó máa rìn bọ̀. Ilẹ̀ ṣú, oorun kùn ún. Oorun! Ìkòkò iná tó ń rú èéfín àti iná fìtílà wá gba àárín ẹran yẹn kọjá. Ọlọ́run nìkan ló rìn. Ábúráhámù ò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Ẹni tó yẹ kó wá forí ẹ̀ búra wà nílẹ̀ tó ń sùn, ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè wá gbé ègún ìhà méjèèjì lérí ara ẹ̀. Ọjọ́ tí mo rí èyí mo pa Bíbélì dé, mo jáde lọ dúró níta díẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ń pè ní májẹ̀mú oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bullinger, àlùfáà kan tó jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì, ti kọ̀wé lórí májẹ̀mú ní Zurich ní 1534, àwọn tó sì péjọ sí Westminster ní London parí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tiwọn ní 1646, orí keje ẹ̀ ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn Presbitéríà gbé e lé dòní. Bí wọ́n ṣe tò ó ni pé májẹ̀mú iṣẹ́ wà láàárín Ọlọ́run àti Ádámù, ṣe kó o yè, rú u kó o kú, Ádámù rú u, gbogbo wa bá a já sí kòtò. Ọlọ́run wá dá òmíràn, tó fi ìyè àti ìgbàlà lọ ẹlẹ́ṣẹ̀ nípasẹ̀ Jésù, ìgbàgbọ́ ni a fi ń gbà á, ìgbàgbọ́ yẹn gan-an Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń fún èèyàn. Wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo ni, láti ìgbà tí Ọlọ́run ti sọ fún ejò ní Édẹ́nì pé irú-ọmọ obìnrin á fọ́ ọ lórí, títí dé orí tábìlì tí Jésù ti gbé ife tó ní èyí ni májẹ̀mú titun nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Òfin Mósè wá ńkọ́? Pọ́ọ̀lù ní ó dé lẹ́yìn ọdún 430 tí Ọlọ́run ti ṣèlérí fún Ábúráhámù, kò lè fagi lé ìlérí tó ti wà ńlẹ̀. Ẹ tiẹ̀ wo òfin mẹ́wàá fúnra ẹ̀, ohun tó ṣáájú ẹ̀ ni pé èmi ni mo mú ọ jáde ní Íjíbítì. Ó kọ́kọ́ tú wọn sílẹ̀ ná kó tó bá wọn sọ̀rọ̀ ìwà.

Àmọ́ mi ò lè sọ Westminster fún Ìyá. Ohun tó yé Ìyá ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà, torí bàbá tó bí wọn lọ́mọ ṣe ìwọ̀fà ní kékeré. Wọ́n yá owó fi sìnkú, owó ò sí láti san, ni wọ́n bá fi ọmọ dúró lọ́dọ̀ olówó. Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni wọ́n fi ń yọ gbèsè yẹn díẹ̀díẹ̀. Rárá o. Èlé ni iṣẹ́ yẹn, ojú owó wà níbẹ̀ digbí. Ó lè máa kọ ebè láràárọ̀ fún ọdún méje, kí ọwọ́ ẹ̀ le bí èèpo igi, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n máa gbé wá, kò ní dín ní tọ́rọ́. Ìwọ̀fà ò lè fi ọkọ́ ra ara ẹ̀ padà, ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ mówó wá. Ti bàbá Ìyá, ẹ̀gbọ́n kan ló ta kòkó tó wá san án, Ìyá ní àwọn ṣì ń ki ẹ̀gbọ́n yẹn nínú ilé títí dòní.

Mo wá ní, "Ìyá, gbogbo rìsíìtì yìí, ebè ni."

Wọ́n dákẹ́. Mo rí i pé ó wọ̀ wọ́n lára, mo bá ń bá a lọ, mo ní ìwé Hébérù pe Jésù ní onígbọ̀wọ́ májẹ̀mú tó dára jù, ẹ mọ onígbọ̀wọ́, bíi tàwa tí a ń yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní sùkúù wa, ẹnìkan á bá ẹ sáìn ín, tó o bá sá, òun ni wọ́n máa yọwó lówó oṣù ẹ̀. Ìyá bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Wọ́n ní, "Ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́, ẹ ṣáà ń pariwo ọ̀fẹ́. Sùkúù ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1955, ṣé ọ̀fẹ́ ni? Èmi ti dàgbà jù, àbúrò mi ló wọ̀ ọ́, kò mú kọ́bọ̀ lọ síbẹ̀. Àmọ́ bàbá mi san owó orí, wọ́n san án títí ojú wọn fi pọ́n."

Mo fẹ́ dìde kí n jó. Torí ó yé wọn jù mí lọ! Ọ̀fẹ́ ni fún àbúrò wọn tó jókòó ní kíláàsì, kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ẹni tó san án. Oore-ọ̀fẹ́ ò túmọ̀ sí pé Ọlọ́run gbójú fo gbèsè. Wọ́n san án, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ojú owó àti èlé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ pé kí a máa dẹ́ṣẹ̀ lọ nìyẹn. Wọ́n bi Pọ́ọ̀lù náà bẹ́ẹ̀ nínú Róòmù orí kẹfà, ó ní kí a má rí i. Ìwọ̀fà tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣì ń ro oko, kò ṣá padà di ọ̀lẹ, àmọ́ oko bàbá ẹ̀ ló ń ro, tí ilẹ̀ bá ṣú ó mọ ilé tó ń lọ.

Gbogbo ìjọ ò gbà á bákan náà o. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n sì pọ̀ ní Ìfàkì níbẹ̀ yẹn, Wesley tó dá wọn sílẹ̀ gbà pé èèyàn lè kọ oore-ọ̀fẹ́, ó tún lè ṣubú kúrò nínú ẹ̀, síbẹ̀ òun náà ló bẹ̀rẹ̀ ìsìn májẹ̀mú lọ́dún 1755, tí wọ́n ṣì ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwa Áńgílíkà ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, àwọn tó bá fi májẹ̀mú ṣàlàyé ẹ̀ sọ pé bí ọmọ Ábúráhámù ṣe gba àmì lára ní ọjọ́ kẹjọ náà ni (ọjọ́ kẹjọ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ ọmọ lórúkọ, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀), àwọn Onítẹ̀bọmi ní rárá, ẹni tó bá gbàgbọ́ fúnra ẹ̀ ni kó wọ omi. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn lónìí. Prógíráàmù ọlọ́jọ́ mẹ́ta nìkan ni inú mi ò dùn sí, torí wọ́n mú májẹ̀mú tí Ọlọ́run nìkan rìn já, wọ́n wá ní kí n tún fi ẹnfílọ́ọ̀pù rìn ín.

Ká padà sí Ìkọ̀lé. Mo ka Jẹ́nẹ́sísì yẹn fún Ìyá látòkè délẹ̀, nígbà tí mo dé ibi tí Ábúráhámù ti sùn wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ó sùn?" Mo ní, "Ó sùn, Ìyá." Wọ́n ń mi orí ṣáá, ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Ọlọ́run yìí mà gbayì o."

Mo wò ó pé àsìkò ti tó, mo gbé agolo náà, mo ní, "Ìyá, ṣé kí n wá lọ sun ún lẹ́yìnkùlé?"

"Ta ló ní kó o sun kí ni?" Ojú wọn le. "Ọlọ́run lè má bèèrè. Àwọn tó máa sin mí á bèèrè. O ò rí bí wọ́n ṣe ṣe òkú ìyá oníṣu, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń wá káàdì kí wọ́n tó lu aago. Tì í padà síbi tó o ti fà á, kí o sì ti ìdérí ẹ̀ dáadáa, eku wà ńbẹ̀."

Mo tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.