Kí ẹ tó fi kún agbára ọkọ̀ tọ́bò yín

Ẹni bá ra ọkọ̀ tó ní tọ́bò kò ní pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu gbogbo ayé: ṣé o ti remap ẹ̀? Ìyẹn ni pé, ṣé o ti yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i? Golf GTI ọdún 2015 ni mo rà ní tókunbọ̀. N kò tíì gba nọ́ńbà rẹ̀ tí ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ti ń fi iye tí wọ́n ń ta fáìlì remap ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé ládùúgbò ibi iṣẹ́ mi n'Ifẹ̀ ń béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní fi èyí tó máa ń dún pṣṣ yẹn sí i ni?" Fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ tọ́bò síta ni wọ́n ń sọ. Mo ní ó dìgbà tí mo bá mọ ohun tí mo rà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ẹ mọ̀ wá mọ́ òṣómàáló: bá a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gba owó lọ́wọ́ onígbèsè náà la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wo owó tó fẹ́ jáde lápò tiwa.

Ilésà ni mò ń gbé, Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀nà tó gba Òṣú kọjá ni mò ń tọ̀ jù. Nígbà míì mo máa ń lọ sí Àkúrẹ́, mo sì máa ń gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí òkè ti ń dán ọkọ̀ wò. Ojú ọ̀nà méjèèjì yìí ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ: owó àkọ́kọ́ kì í ṣe ti agbára. Ti táyà, bíréèkì, ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì ni. Lẹ́yìn wọn ni remap, epo tí ẹ ń rà ló sì máa pinnu irú èyí tí ọkọ̀ yín lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí tọ́bò ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń ta ohun tí kò wúlò fún. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá kan ṣoṣo so fáànù yìí mọ́ èkejì, èkejì yìí ló sì ń fa afẹ́fẹ́ látìta, tó ń fún un pọ̀, tó ń tì í wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni, àfi pé èéfín ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fín in. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á fi epo kún un, agbára á sì jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì lítà méjì péré fi ń mú agbára ẹṣin 210 jáde nínú GTI ọdún yẹn tó lọ sí Amẹ́ríkà. Fáànù ọ̀hún lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ń gbà á sílẹ̀ kí irin má baà máa ha irin. Tí ọ́ìlì bá ti gbó, tàbí tó jẹ́ ayédèrú, tọ́bò ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Bàbá mẹkáníìkì mi n'Ilésà, tó ti ń tún Ìjàpá ṣe láti ìgbà tí Volkswagen ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Àmọ́ òun ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí létí jù. Ó ní, "Àbúrò, ìwọ lo máa pè mí lóru láti Gbọ̀ngán, kì í ṣe ẹni tó ta fáìlì fún ọ." A so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, a ka gbogbo àṣìṣe tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. A wọn ìfúnpá inú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a wo gbogbo rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara tọ́bò bóyá ó ń jò. Tókunbọ̀ ni. Ẹni tó lò ó lọ́hùn-ún kò fi lẹ́tà sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ yẹn ti remap rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Irú ọkọ̀ báyìí kún inú tókunbọ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré ló máa ń rà wọ́n. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó tọ́ lè ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kó sì sọ bóyá ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sanwó fún un kó wò ó. Remap tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí tiwa, ìyàtọ̀ náà sì wà nínú epo.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa. Nọ́ńbà epo ń sọ bí epo ṣe lè fara da ooru àti ìfúnpá tó láìgbiná fúnra rẹ̀. Èyí tó wà lára pọ́ǹpù epo ní Amẹ́ríkà kì í ṣe irú nọ́ńbà tí àwa ń lò. Ìdajì àpapọ̀ ìwọ̀n méjì, RON àti MON, ni tiwọn. RON nìkan ni tiwa àti ti Yúróòpù. Nítorí náà, epo tí wọ́n ń pè ní 87 lọ́hùn-ún kò jìnnà sí 91 tiwa. Èyí tí wọ́n ń pè ní 91 tó nǹkan bíi 95 tàbí 96 lọ́dọ̀ wa, 93 wọn sì sún mọ́ 98. Bẹntiróòlù tí ìlànà Nàìjíríà ní kí wọ́n máa tà jẹ́ RON 91. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ra ọkọ̀ tí wọ́n remap fún 93 Amẹ́ríkà ń fi epo tó relẹ̀ gan-an sí i ní gbogbo ilé epo láti Ìkirè títí dé Ilésà, kò sì mọ̀. Tó bá rí 91 lára ìlẹ̀kùn epo ọkọ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé 91 náà ni òun ń rà.

Kí ni epo tó relẹ̀ ń fà? Tí ooru àti ìfúnpá inú sílíńdà bá pọ̀ jù fún un, èyí tó kù nínú rẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀ láìdúró kí iná tí púlọ́ọ̀gì tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní knock. Ó máa ń dún kó-kó-kó nígbà míì, nígbà míì ẹ ò sì ní gbọ́ ohunkóhun. Ohun kan wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ́ ọ. Tó bá ti gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á fa ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná sẹ́yìn, agbára á sì wálẹ̀. Ọkọ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn máa ń fara dà á báyìí, ẹ kàn máa rí i pé lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn mú, kò gun òkè bó ṣe gùn ún láàárọ̀. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti fi ìfúnpá kún kò ní àyè tó pọ̀ tó láti sá sẹ́yìn mọ́. Písítìnì ló máa ń bá a lọ níkẹyìn. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra remap kò tó owó ẹ́ńjìnnì, ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Ládìípọ̀.

Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń ta fáìlì léèrè bóyá ó ní èyí tí wọ́n kọ fún RON 91. Tó bá ní 95 nìkan lòun ní, àmọ́ "kò séwu", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Tí kò bá tiẹ̀ bi yín nípa epo rárá, ẹ má kí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìgò kékeré tí wọ́n ń dà sínú epo pé ó ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Nígbà tí wọ́n bá kọ pé ó ń fi póìǹtì méje kún un, ìdá méje nínú mẹ́wàá nọ́ńbà kan ni wọ́n sábà ń sọ: 91 á di 91.7.

Ooru ni ìṣòro kejì. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá fún pọ̀ máa ń gbóná, ó lè ju 100°C lọ nígbà tó ń jáde lára rẹ̀. Intercooler tó wà níwájú ọkọ̀ ló ń tù ú kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá dúró nínú gọ̀ọ́sílóò ní Lágéré lọ́sàn-án, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i, òun náà á gbóná, ọkọ̀ á sì wúwo lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá là. Tí mo bá máa ra ohun kan tó ń fi kún agbára kí n tó remap, intercooler tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ ni. Kí ẹ tó náwó yẹn, ẹ kọ́kọ́ fọ èyí tó wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti kòkòrò ojú ọ̀nà máa ń di àárín ihò rẹ̀ pa. Omi tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi alágbára máa ń ká a ni.

Ní ti ọ́ìlì, ẹ wo ẹ̀yìn agolo rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ API SP sí, tó jáde lọ́dún 2020, wà fún irú ẹ́ńjìnnì yìí, ó ń dín ìgbiná àìtọ́ tó máa ń ṣẹlẹ̀ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀ tí ẹ sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lójijì. Ẹ tún wò ó bóyá ó ní nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín béèrè. Ti GTI mi ni VW 502 00. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá ni kí ẹ ti rà á. Èmi kì í dúró de iye kìlómítà tí ìwé ọkọ̀ kọ. Kìlómítà 5,000 ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí eruku, ooru àti dúró-n-dúró wa. Tí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó pa á. Púlọ́ọ̀gì tuntun náà wà lára rẹ̀, ìgbà tí mo pààrọ̀ ti tèmi ni ìfàsẹ́yìn kékeré tó máa ń ṣe lórí òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ. Kò sí remap nínú rẹ̀ o.

Jíà náà ń mu ọ́ìlì. DSG (jíà tó ń yí fúnra rẹ̀) oníjíà mẹ́fà tó wà nínú èyí tèmi gbọ́dọ̀ gba ọ́ìlì àti fílítà tuntun ní gbogbo máìlì 40,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 64,000. Púpọ̀ tókunbọ̀ ló dé ilẹ̀ yìí lẹ́yìn tó ti kọjá ibẹ̀.

Táyà wá ńkọ́? Táyà mẹ́rin tó dára ni ohun tó yí ọkọ̀ mi padà jù lọ. Iwájú ló ń fà á. Gbogbo agbára yíyí ẹ́ńjìnnì yẹn, 350 Nm, orí táyà méjì ló ń bọ́ sí. Ẹ fi kún un lórí táyà tó ti fá, nínú òjò, ẹ ó kàn máa yí lójú kan ni. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tókunbọ̀ tí fọkanáísà fi nǹkan dúdú kùn lè dán bí tuntun, nọ́ńbà yẹn ló máa tú u fó. Ní ti rímù, 18 rẹwà, n kò jiyàn, àmọ́ mo dúró lórí 17. Lórí táyà rímù 18, 225/40R18, ẹ̀gbẹ́ táyà ga tó mìlímítà 90. Lórí ti rímù 17, 225/45R17, ó tó 101. Mìlímítà mọ́kànlá yẹn ló ń gba kòtò mọ́ra kó má bàa dé ara rímù, ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ilésà mọ̀ pé kò kéré.

Ọ́ìlì bíréèkì ni mo pààrọ̀ pẹ̀lú páàdì. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun kì í hó títí á fi dé 230°C, àmọ́ ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ ni, tí omi bá ti wọ̀ ọ́ dáadáa á máa hó ní nǹkan bíi 155. Tó bá hó lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́wọ́ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń dún pṣṣ yẹn kò fi agbára kankan kún ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ kó tó dé tọ́bò, ó ń da afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti kà sílẹ̀ nù, epo á sì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ fúngbà díẹ̀. Fílítà aláìníbò tó wà nínú ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì, ariwo lásán ni. Sálẹ́ńsà tó ń bú, ẹ bi àwọn aládùúgbò yín léèrè ná.

Tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti wà níbẹ̀, tí fáìlì RON 91 sì ti dé, ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ gbé e wọlé gba fáìlì tí ọkọ̀ bá wá sílẹ̀ ná, kó fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Lẹ́yìn tó bá gbé tuntun wọlé, ẹ jọ gun òkè kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀, kó máa wo iye tí ọkọ̀ ń fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ni o, kì í ṣe láàárọ̀ tútù, pẹ̀lú epo tí ẹ rà ní ilé epo tí ẹ máa ń lò. Tó bá ní òun ò ráyè, pé kí ẹ kàn lọ gbádùn rẹ̀, ẹ ní kó dá fáìlì àkọ́kọ́ padà síbẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.