Wíìgì Màmá àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Ọpọlọ

Bí mo bá sọ fún ọmọ Yorùbá kan nílùú yìí pé orí ọpọlọ ni PhD mi dá lé, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé ṣé mo lè mọ ohun tí òun ń rò báyìí. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ fẹ́ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀ o. Ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ òòfà ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, kì í rí èrò inú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń rí.

Ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ara máa ń da ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn síbẹ̀, a tiẹ̀ máa dà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán kì í hùwà kan náà níwájú òòfà. Seiji Ogawa, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, ló fi èyí hàn lára eku lọ́dún 1990. Nígbà tó fi máa di 1992, wọ́n ti ń fi wo ọpọlọ ènìyàn. Ẹ̀rọ tí èmi ń lò jẹ́ Tesla 3 (Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), agbára òòfà rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 60,000 ti ilẹ̀ ayé. Ní Nottingham níbí ní Ìlú Ọba, tí kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé, ni Peter Mansfield ti ronú kan ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà fi ń ya àwòrán kíákíá. Lọ́dún 1978, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọnú ẹ̀rọ ńlá tó kọ́, nígbà tí àwọn kan ti kìlọ̀ fún un pé ó lè ṣe ọkàn rẹ̀ ní jàǹbá. Èmi ò ní wọ̀ ọ́.

Ohun tí mò ń wá ni bí apá kan ọpọlọ ṣe ń bá apá mìíràn ṣe pọ̀. Lọ́dún 1995, Bharat Biswal, tóun náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní Milwaukee l'Amẹ́ríkà, ya ọpọlọ àwọn tó kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó rí i pé àmì ẹ̀jẹ̀ ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ti ibi tó ń darí ọwọ́ òsì jọ ń lọ sókè, wọ́n jọ ń wá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kankan ò mira. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé ariwo lásán ni, pé èémí àti ọkàn tó ń lù ló fà á. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú kò ní bá wọn jiyàn pẹ́: bí iná bá ń lọ nílé wa tó ń lọ nílé kejì lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún jọ ń dé, a ò ní gun òpó ká tó mọ̀ pé tiransifọ́mà kan ló gbé wa méjèèjì. Àmọ́ èyí ò ní ká sọ pé a rí wáyà. Wáyà, ọ̀nà mìíràn la fi ń wá a, nípa títẹ̀lé bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ.

Ìṣirò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ìṣirò sì lè tan ènìyàn. Lọ́dún 2009 àwọn kan l'Amẹ́ríkà gbé òkú ẹja salmon sínú ẹ̀rọ, wọ́n ń fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án, wọ́n ní kó sọ bí inú ẹni tó wà nínú fọ́tò ṣe rí. Bí wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sí ìṣirò wọn, ọpọlọ òkú ẹja ń dáhùn! Wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ti ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín tó tún ń múni ronú, nítorí rẹ̀ lọ́dún 2012, ó sì tọ́ sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orí tó ń mì. Ká mi orí díẹ̀ péré, àwọn apá ọpọlọ tí kò bára wọn ṣe á jọ máa ṣe bí ọ̀rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Màmá kan wà tí a ya, àwòrán rẹ̀ ń fò ṣáá. A fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn bi í bóyá ara ń ni í. Ó ní rárá, àdúrà lòun ń gbà. Gbogbo "Àmín" ni orí fi ń lọ síwájú.

Àwọn màmá bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo nílò. Lọ́dún 2001, Marcus Raichle àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis ṣàlàyé àwọn apá ọpọlọ kan tó jẹ́ pé ìgbà tá ò bá ṣe nǹkan kan pàtó ni wọ́n máa ń jí, nígbà tá a bá ń rántí àná tàbí tá à ń ro ọ̀la. Default mode network là ń pè é. Nínú àrùn Alzheimer, àrùn ìgbàgbé tó ń ṣe àwọn àgbà, àárín àwọn apá yìí kì í gún mọ́. Èmi fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára àwọn àgbà wa.

Ta ló ti wò ó? UK Biobank, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan nípa ìlera, ti ya ọpọlọ ènìyàn 100,000 ní Ìlú Ọba títí di 2025, iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì kóyán rẹ̀ kéré. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó fara sílẹ̀ fún Biobank, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó jẹ́ aláwọ̀ funfun. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ wá, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ kíà mọ́jú, báwo ló ṣe fẹ́ wá láago mẹ́sàn-án àárọ̀? Ṣùgbọ́n èyí tí mo fojú ara mi rí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀rọ, irun ni.

Coil là ń pe ohun tí wọ́n ń gbé bo orí. Ike líle ni, ó há, ó sì gbọ́dọ̀ há, torí bó bá ti jìnnà sí orí ni àwòrán ń rẹ̀. Irun ò dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ rárá o. Àyè ni kò sí. Pàtẹ́wọ́ wọlé, kòlẹ́sẹ̀ wọlé. Ẹni tó di ṣùkú tó ga, tàbí tó fi àtáṣímẹ́ǹtì di èyí tó nípọn, orí rẹ̀ ò ní dé ìsàlẹ̀. Coil tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ àwòrán tirẹ̀ ò mú tó ti àkọ́kọ́.

Wíìgì tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ìyá ìjọ kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wá. Ó ti bọ́ yẹtí, ó ti bọ́ ẹ̀gbà ọrùn, ó fi ọṣẹ yọ òrùka ìgbéyàwó tí kò yọ láti ọdún pípẹ́ wá. Ó wá ku wíìgì, kílíìpù irin sì wà nínú rẹ̀. Rédíógíráfà, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ, ní kó ṣí i. Màmá kọjú sí mi, ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà gbọ́.

"Níwájú ọkùnrin yẹn?"

"A lè ní kó jáde, mà."

"Kí n wá lọ ṣí orí sílẹ̀ níbí báyìí? Ọmọ mi, wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi."

Wọn ò kọ ọ́ lóòótọ́. Ìwé náà béèrè nípa irin inú ara, ó béèrè nípa fínfín ara, kò mẹ́nu kan irun. Màmá wọ òrùka rẹ̀ padà, ó lọ sílé. Nínú àkọsílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n kọ síwájú nọ́ńbà rẹ̀: "excluded," pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Inú bí mi.

Àwọn tó ń lo EEG, ẹ̀rọ tó ń fi elékíturódù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ awọ orí gbọ́ iná inú ọpọlọ, ti mọ wàhálà yìí tipẹ́. Lọ́dún 2020, Arnelle Etienne àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon l'Amẹ́ríkà gbé elékíturódù kan jáde tó ń há sáàárín irun dídì, lójú ìpín gan-an. Wọ́n di irun náà bá ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ wò mu. Ẹni tó mọ irun dì ló lè ronú bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sá eré yìí ni Ìbàdàn. Lọ́dún 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogunniyi àti Hugh Hendrie ti Indianapolis l'Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà ní Ìdíkàn, wọ́n ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2001, àwọn tí Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Ó lé ní ìlọ́po méjì! Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí dókítà tó yẹ àwọn tí wọ́n yàn nínú wọn wò. Inú ọpọlọ àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rí, lọ́dọ̀ àwọn tó wà nítòsí mi níbí.

Nítorí náà, mo kọ ìwé mìíràn, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Irun ló wà lójú ewé àkọ́kọ́: irú dídì tó ń wọlé, bí wọ́n ṣe máa yẹ wíìgì wò, pé yàrá tó ní dígí àti kọ́kọ́rọ́ wà, pé ìborí tí kò ní irin wà níbẹ̀, pé obìnrin nìkan ló máa wà nítòsí bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ó gùn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ka ìwé náà fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ lọ́jọ́ ìpàdé wọn. Wọn ò béèrè nípa òòfà, wọn ò béèrè nípa Alzheimer. Àǹtí kan ní ṣé wọ́n ń san owó ọkọ̀. Mo ní wọ́n ń san án, mà. Ó ní oúnjẹ ńkọ́? Mo ní tíì àti bísíkíìtì ni. Ó fa bírò yọ, ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á gbé mọ́ínmọ́ín òun dání.