Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Kú Lẹ́nu Eré Ọkọ̀ Ojú Irin, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ibi Tí Ọkọ̀ Dé

Àǹfààní kan wà nínú eré ọkọ̀ ojú irin tí ọ̀pọ̀ eré kọ̀ǹpútà mìíràn kò ní: ojú irin kò yẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá kú nígbà tí a ń wa ọkọ̀ lọ, a lè padà sí ibùdó tí a ti gbéra, kí a tún gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà àti ojú ọjọ́ kan náà, kí a sì wò ó bóyá ibi tó kú sí lẹ́ẹ̀kan ni yóò tún kú sí. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti pa Windows rẹ́, tó ń tò ó padà látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dé kí nǹkan tó dàrú.

Ṣáájú èyí, ó yẹ kí a mọ ohun tó kú gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé eré nìkan ló pòórá, tí Windows ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a ṣí Event Viewer, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, kí a wo abẹ́ Application, a ó rí àkọsílẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000, tí yóò dárúkọ fáìlì tí ìdádúró náà ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá rí 0xc0000005 níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé eré náà fọwọ́ kan apá mẹ́mórì tí a kò fún un láyè láti fọwọ́ kàn. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá di búlúù, ẹ kọ orúkọ àṣìṣe tó bá jáde sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kú pátápátá lójijì, àkọsílẹ̀ Kernel-Power 41 ni ẹ ó bá lábẹ́ System nínú Event Viewer kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbá àkọsílẹ̀ yìí mú bí ẹni pé òun ló fa ìṣòro, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà kú láìjẹ́ pé a pa á bó ṣe yẹ.

Ó kan ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ dé. Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré ni eré ń kó igi, ilé àti àwọn ọkọ̀ mìíràn tó wà níwájú wọ inú mẹ́mórì, tí ó sì ń kó àwọn tó ti kọjá sẹ́yìn dànù. Nítorí náà, bí eré bá ń kú lójú kan náà, ẹ fura sí ohun tó fẹ́ kó wọlé níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ìrìn àjò kan, ìyẹn iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ tí ẹnìkan ti tò sílẹ̀ nínú eré, tó ń pòórá bí mo bá ti ń sún mọ́ ibùdó kan báyìí. Mo pààrọ̀ ọkọ̀ tí mò ń wa, kò yí padà. Mo wá gba ọ̀nà yẹn kan náà láìlo ìrìn àjò náà, mo sì kọjá ní ibùdó ọ̀hún láìsí wàhálà kankan. Ó hàn nígbà náà pé ojú irin kò níṣòro. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ẹni tó to ìrìn àjò náà gbé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó ni fáìlì wọn kò pé. Mo yọ wọ́n kúrò, mo tún fi wọ́n sí, ìdádúró náà sì tán.

Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kí eré tó kú, tí ibi tó ń kú sí kò sì dọ́gba, mẹ́mórì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Eré tí a kọ ní 32-bit, ìyẹn irú àtijọ́, kò lè lo mẹ́mórì tó ju gígábáìtì 4 lọ, bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ní gígábáìtì 32, ìrìn àjò gígùn sì lè kún ìyẹn dẹ́nu. Ẹ̀dà 64-bit ni oògùn rẹ̀, bí ó bá wà; eré Train Simulator gba tirẹ̀ ní ọdún 2018. Bí kò bá sí, ẹ dín bí a ṣe ń rí ọ̀ọ́kán jìnnà tó kù, kí ẹ sì dín igi àti òjìji kù.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń kú pátápátá, ooru àti iná mànàmáná ni èmi máa ń fura sí ju eré lọ. Ní ojú irin tó dá páropáro, káàdì àwòrán lè máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ láìsí ìdí. Ẹ fi gbèdéke lé e ní àwòrán 30 tàbí 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kíkú náà bá dáwọ́ dúró, a ti mọ apá ibi tí a ó kọjú sí. Ẹ jẹ́ kí HWiNFO, ètò tó ń wo bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí, máa kọ ìwọ̀n ooru sínú fáìlì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀, nítorí pé ìlà tó kẹ́yìn nínú fáìlì náà ni yóò sọ ipò tí ẹ̀rọ wà kí ó tó kú. Bí ooru kò bá pọ̀, ẹ gbọn eruku fáànù síbẹ̀síbẹ̀, kí ẹ pa XMP, ìyẹn ètò tó ń mú kí mẹ́mórì sáré ju ìwọ̀n àtilẹ̀wá rẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi MemTest86, ètò tó ń dán mẹ́mórì wò, sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo tó bá jáde níbẹ̀ tó láti mú kí a yọ àwọn igi mẹ́mórì, kí a máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.