Ẹrù tí a gbé fún Olúwa, tí ọwọ́ wa ṣì wà lára rẹ̀

Ẹ wo alábàárù ní ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé àpò ìrẹsì rù ú. Á ká òṣùká rẹ̀ sórí, á tẹ̀ba díẹ̀, ẹni tó ni ẹrù àti ẹnì kan tó wà nítòsí á jọ gbé e sókè, wọ́n á sì gbé e kà á lórí. Ohun kan ló kù tí ẹlẹ́rù á ṣe: kó yọwọ́. Bó bá ń fọwọ́ ti àpò náà lẹ́yìn nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kó má baà jábọ́, àwọn méjèèjì ni yóò máa kọsẹ̀. Báyìí gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kó àníyàn lé Olúwa. Ọrùn tirẹ̀ kì í yẹ̀ ṣá o. Àwa là ń kọsẹ̀.

Pétérù Kìíní 5:7 ni gbogbo wa mọ̀ lórí: kí a kó gbogbo àníyàn wa lé e. Nínú Gíríkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ibì kan péré ni ọ̀rọ̀ tí Pétérù lò yìí tún ti jáde, ìyẹn Lúùkù 19:35, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti da aṣọ wọn lé ọmọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí Jésù fẹ́ gùn. Wọ́n da aṣọ lé e, wọ́n yọwọ́. Ohun mìíràn tí a kì í kíyè sí ni pé ẹsẹ keje kì í ṣe gbólóhùn tó dá dúró. Ó so mọ́ ẹsẹ kẹfà tó ní kí a rẹ ara wa sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ agbára Ọlọ́run. Pétérù ń sọ pé kíkó àníyàn lé Ọlọ́run jẹ́ ara ọ̀nà tí èèyàn fi ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó di tirẹ̀ mú pinpin ń sọ, bí kò tilẹ̀ la ẹnu, pé òun nìkan lòun lè yanjú rẹ̀.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu pé "má ronú mọ́, Ọlọ́run wà." Òótọ́ ni pé Ọlọ́run wà. Ṣùgbọ́n kí ni kó wá ṣe?

Kó dárúkọ rẹ̀ ni. Nígbà tí Hesekáyà gba lẹ́tà ìhàlẹ̀ ọba Ásíríà, ó gbé lẹ́tà náà lọ sí tẹ́ḿpìlì, ó tẹ́ ẹ síwájú Olúwa (Àwọn Ọba Kejì 19:14). Kò sọ pé "Olúwa, o mọ ohun gbogbo" kó sì dìde. Bébà gan-an ló tẹ́ sílẹ̀. Àníyàn tí kò lórúkọ kò ṣeé gbé fúnni, bí ìkùukùu ló rí. "Ọ̀rọ̀ ayé mi" kì í ṣe orúkọ. "Owó iléèwé táàmù kẹta, ₦65,000, kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀" ni orúkọ.

Mú bébà kan, fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ká sọ pé ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló ni owó iléèwé yẹn. ₦20,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà méjì jẹ ẹ́ lówó aṣọ, ọ̀kan ₦15,000, èkejì ₦12,000. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọlé, ó ku ₦18,000. Ní apá òsì ìlà, kó kọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti ṣe: kó pe àwọn ajigbèsè méjèèjì lọ́la kó tó di aago mẹ́wàá, kó lọ bá akápò iléèwé ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, kó bẹ̀bẹ̀ láti san án lẹ́ẹ̀mejì. Ní apá ọ̀tún, kó kọ ohun tí agbára rẹ̀ kò ká: bóyá wọ́n á gbé ìpè, bóyá akápò á gbà, ibi tí ₦18,000 yẹn á ti wá. Apá ọ̀tún ni ẹrù tó ń gbé fún Olúwa. Bí ó bá gbé apá òsì náà fún un, ọ̀lẹ ni. Nehemáyà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbàdúrà, wọ́n sì yan ìṣọ́ lọ́sàn-án àti lóru (Nehemáyà 4:9). Wọn kò fi ọ̀kan pa èkejì.

Kó wá ka apá ọ̀tún sí Olúwa létí, pẹ̀lú ohùn, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Bó bá ti ń lọ sí wákàtí kan tó sì ń sọ ohun kan náà, àdúrà ti parí tipẹ́. Ìrònú tí a fi "Àmín" dí nídìí ni ìyókù. Kó fi ìdúpẹ́ sí i, nítorí Fílípì 4:6 kò yọ ọ́ kúrò, kí ìdúpẹ́ náà sì ní orúkọ tirẹ̀: ₦20,000 tó wà lọ́wọ́, ọmọ tí ara rẹ̀ le tó láti lọ síléèwé.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ti yọwọ́? Kó wo Hánà, àgàn tó ń tọrọ ọmọ, nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí kìíní. Kò tíì lóyún nígbà tó kúrò níwájú Élì àlùfáà. Síbẹ̀ ó lọ, ó jẹun, ojú rẹ̀ kò sì fà ro mọ́. Oúnjẹ yẹn ni àmì. Ẹni tó gbàdúrà tán tí kò lè bu òkèlè mẹ́ta, kó padà lọ wo ohun tó ṣì dì mú.

(Abẹ́òkúta ní Hánà tirẹ̀. Wọ́n kó Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù, lẹ́rú ní 1821, òun àti ìyá rẹ̀ Àfálà kò sì tún fojú kan ara wọn títí di 1846, ní ìlú yìí. Nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà ní 1848, Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ohun tí a bá fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ yanjú kí oṣù tó parí.)

Aago méjì òru ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń bàjẹ́. Kò sí ilé ìfowópamọ́ tó ṣí, kò sí ẹni tí a lè pè, ìdí nìyẹn tí ìrònú fi ń yí po bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Má bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni kí o sọ: "Olúwa, ọ̀rọ̀ owó iléèwé yẹn ti wà lọ́wọ́ Rẹ láti ìrọ̀lẹ́." Bí ohun kan tí o gbọ́dọ̀ ṣe bá sọ sí ọ lọ́kàn, kọ ọ́ sí apá òsì bébà náà, kí o sì padà dùbúlẹ̀. Má mú fóònù. Wọ́n ń pè é ní wíwo aago, WhatsApp ló máa ń já sí. Bí oorun kò bá wá lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, dìde jókòó, ka Sáàmù 4 jẹ́jẹ́; ẹsẹ mẹ́jọ péré ni, èyí tó kẹ́yìn sì dá lé oorun.

Àwọn ibòmíràn tó ti máa ń wọ́: ká lọ ro ẹjọ́ kan náà fún èèyàn mẹ́jọ, kí àníyàn ẹnì kan di ti ilé mẹ́jọ. Ẹni méjì tó lè pa ẹnu mọ́ ti tó. Ká san owó fún ẹni tó ní òun rí ìran, òwò nìyẹn. Ká da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù kí Ọlọ́run lè mọ̀ pé a gbà á gbọ́; Ọlọ́run kò bèèrè ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́ wa.

Àníyàn mìíràn sì wà tó ti kọjá bébà. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun àti oúnjẹ ti kọ̀, tí iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ikú bá ti ń wu èèyàn, kí ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, lọ́jọ́ náà ni kí ẹ mú un lọ. Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, ọmọ ìlú yìí, ti ní kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé nígbà tí ìtọ́jú wọn ń lọ lọ́wọ́, tí gbogbo ayé sì wá kọ́gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí Èlíjà ní kí òun kú, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló fún un, ó jẹ́ kó sùn, ó sì tún jí i fún oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Fi bébà náà sínú Bíbélì rẹ, níbi Sáàmù 55, tó ní kí a kó ẹrù wa lé Olúwa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Èyí tó bá ti yanjú, fa ìlà sí i nídìí, má ya á dànù. Èyí tí kò tíì yanjú, tún un kọ sórí bébà tuntun, kí o sì kọ déètì ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.